Awò Olówó Pọ́ọ́kú Lórí Ìbọn Afẹ́fẹ́

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kí àyà ẹnikẹ́ni má já. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, èyí tí a fi ń ta ọta wẹ́wẹ́ sí pépà láti mọ ẹni tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bára mu. Awò orí rẹ̀ gan-an, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní skóòpù, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: bí a ṣe ń yan èyí tí kò wọ́n, àti bí a ṣe ń dè é mọ́ ìbọn tí yóò fi ṣe é gbára lé.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi kan ní àdúgbò wá kan ilẹ̀kùn mi níbí ní Garki, nílùú Abuja. Ó gbé páálí gígùn kan dání, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan." Ó fa awò kan yọ, ó dúdú, ó gùn tó apá ọmọdé, ojú iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹnu ife. Wọ́n kọ 6-24x50 sí i lára. Mo gbé e sójú, mo wo ìta láti ojú fèrèsé. Mo rí òpó tó wà lẹ́yìn òrùlé kejì, mo rí lékèélékèé tó bà lé e, ó kù díẹ̀ kí n máa ka ìyẹ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i?" Mo ní mo rí i. Mo wá yíjú sínú ilé, mo wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Kurukuru ni. Mo yí èyí, mo yí tọ̀hún, n kò rí ọjọ́ kan ṣoṣo kà níbẹ̀. Mo bi í léèrè bí ibi tí ó ti fẹ́ máa ta pépà ṣe jìnnà tó. "Mítà mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n. Bóyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Mo fi awò náà lé e lọ́wọ́, òun náà wo kàlẹ́ńdà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Owó tó ná sí i kò kéré fún ẹni tó ń gbowó oṣù. Ohun tó mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Kí a tó dé orí awò, ẹ jẹ́ kí n fi òfin ṣáájú. Mo bi àbúrò mi náà nípa ìwé àṣẹ kí n tó bi í ní ohunkóhun mìíràn, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1959, dárúkọ ìbọn afẹ́fẹ́ ní tààrà. Kò fi í sí ìsọ̀rí ohun ìṣeré. Ó tò ó mọ́ ìbọn tí àwọn ọdẹ ń fi òǹtẹ̀ ìjọba gbé, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá Ọlọ́pàá. Àwa tí a ń gbé Garki kò lè sọ pé a kò mọ ọ̀nà ibẹ̀: Louis Edet House, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá, wà ní Area 11 níbí. Orúkọ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni wọ́n fi sọ ilé náà. Ìbọn ìléwọ́ tó ń lo afẹ́fẹ́ tún le ju ìyẹn lọ. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ọjà tí àwọn aṣọ́bodè kà léèwọ̀ pátápátá láti kó wọ ilẹ̀ yìí, àkọsílẹ̀ kan náà tí owó ẹyọ wà nínú rẹ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Ní England, àgbàlagbà lè ra ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò ju ìwọ̀n kan lọ láìgba ìwé àṣẹ. Ní Scotland tí kò ju ìrìn ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀, wọ́n ti ń béèrè ìwé àṣẹ láti ìparí ọdún 2016. Òfin ìlú kan kì í ṣe òfin ìlú kejì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ lásán ni. Ní nǹkan bí ọdún 1780, àwọn ọmọ ogun Austria ti ń gbé ìbọn afẹ́fẹ́ lọ sójú ogun. Èyí tí a ń lò lónìí fún eré kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ lè fọ́ ojú ènìyàn. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí à ń yìn nínú ọgbà ilé ní Garki, níbi tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa àti ọmọ aládùúgbò. Oko ọ̀rẹ́ mi kan lápá Kuje ni mo ti ń ta tèmi, òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó ga ju mí lọ sì wà lẹ́yìn pépà.

Ó tó. Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn olóṣèlú nílùú Abuja yìí: àfojúsùn. Àfojúsùn ìjọba, àfojúsùn ẹgbẹ́. Lójú tèmi, ọdẹ ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ọdẹ ló ń di ojú kan, tí yóò fi ojú kejì sùn ún láti ìdí ìbọn dé ẹnu ìbọn, láti ẹnu ìbọn dé ara ẹran. Bàbá mi ṣọdẹ lápá Òkè-Ògùn, ṣakabùlà ni ó lò títí tó fi dàgbà, kò sì ní awò kankan lórí rẹ̀ rí. Nígbà tí ó di ẹni àádọ́ta ọdún ó lé, ó sọ fún mi pé ẹnu ìbọn ti ń dà rú mọ́ òun lójú. Bí ó bá rí ẹran dáadáa, kò rí ẹnu ìbọn. Bí ó bá rí ẹnu ìbọn, ẹran a di òjìji. Ohun tó ń ṣe é kò ju ọjọ́ orí lọ. Ojú àgbà kì í lè rí ohun tó súnmọ́ àti ohun tó jìnnà kedere lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibẹ̀ gan-an ni awò ti wúlò. Kì í sọ ẹnikẹ́ni di àtamátàsé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó gbé àmì àgbélébùú inú rẹ̀ àti pépà tí à ń wò sí ojú kan ṣoṣo, tí ojú kò fi ní máa sáré láàárín ohun mẹ́ta mọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáká lè máà nílò rẹ̀. Nínú ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ oní-mítà 10 ti Òlíḿpíìkì, tó bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 1984, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sórí ìbọn. Ihò kékeré tí à ń yọjú gbà ni wọ́n ń lò, bẹ́ẹ̀ àmì tí wọ́n ń ta láti gba máàkì 10 kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Ẹ rántí ọkùnrin ará Tọ́kì yẹn, Yusuf Dikeç, tí àwòrán rẹ̀ gba orí fóònù gbogbo wa kan nígbà ìdíje Paris lọ́dún 2024: ọwọ́ kan nínú àpò, gíláàsì ojú lásán, ó sì gba fàdákà. Ìbọn ìléwọ́ ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn ìdíje mìíràn wà tó fàyè gba awò, bí irú èyí tí wọ́n ti ń ta àwọn ère irin kéékèèké láti yáàdì 8 títí dé 55. Àwa tí a kàn ń ta pépà lóko ní ọjọ́ Sátidé, a lè lo èyí tó bá wù wá.

Wàyí o, kí ni àwọn nọ́ńbà ara awò ń sọ? Bí wọ́n bá kọ 4x32, ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́rin, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 32. Bí ó bá jẹ́ 3-9x40, a lè yí i láti ìlọ́po mẹ́ta dé ìlọ́po mẹ́sàn-án, dígí rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 40. Ẹ pín 32 sí ọ̀nà 4, ẹ ó rí 8. Mìlímítà mẹ́jọ ni ìbú ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí yín lójú. Ọmọlójú ènìyàn lọ́sàn-án kì í sábà ṣí ju mìlímítà méjì sí mẹ́rin lọ, nítorí náà àyè wà: orí lè yẹ̀ díẹ̀, ẹ ó ṣì máa rí pépà. Ẹ wá pín 50 ti àbúrò mi sí ọ̀nà 24. Mìlímítà méjì àti díẹ̀ ni. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá fi ìbú hóró ìrẹsì kan kúrò níbi tó yẹ, òkùnkùn ni ẹ ó rí. Gbogbo gbígbọ̀n ọwọ́, títí kan lílù ọkàn, ni awò náà yóò sì fi hàn yín ní ìlọ́po mẹ́rìnlélógún.

Bówó bá ṣe mọ loògùn ń mọ. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ta awò onílọ́po 24 ní owó pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ dín ìnáwó kù níbì kan, inú dígí àti inú irin rẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń dín in kù sí. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kí ó má fi ra ìlọ́po. 3-9x40 ti tó, àní ó ti ṣẹ́kù. 4x32 tó dára sàn ju 6-24 tí kò dára lọ, láìṣẹ́jú.

Ohun tó yẹ kí a fi owó ra ni òrùka kan tó máa ń wà níwájú awò, tí a lè yí, tí wọ́n kọ jíjìnnà sí lára: 10, 15, 25, 50 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lára páálí, AO ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í sọ.

Ẹ ti wọ takisí láti Area 1 lọ sí Wuse rí. Ẹ jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Lójú tiyín, orí 50 ló wà. Lójú awakọ̀, 60 ni. Abẹ́rẹ́ kan náà ni o. Àyè díẹ̀ ló wà láàárín abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yin sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó ṣe ń rí nínú awò nìyẹn. Ọ̀pọ̀ awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ńlá, yáàdì 100 ni wọ́n ti gbé àmì àgbélébùú àti ohun tí à ń wò sí ojú kan. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ wo pépà ní mítà 10, pépà náà yóò di kurukuru bíi kàlẹ́ńdà mi, àyè yóò sì là láàárín àmì àti pépà. Ẹ gbé orí síhìn-ín, àmì a sún sọ́hùn-ún. Ìbọn kò mira, ẹ̀yin kò ṣìṣe, síbẹ̀ ọta yóò yẹ̀ ju ìbú ara rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú lé orí àpò iyanrìn, ẹ wo pépà, kí ẹ wá rọra máa gbé orí sókè sódò. Bí àmì bá ń rìn lórí pépà, ẹ yí òrùka iwájú títí yóò fi dúró jẹ́ẹ́. Èyí tí kò bá ní òrùka, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

Ìbéèrè kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ bi òǹtajà: ṣé ó lè gba ìbọn onísípíríǹgì? Ìbọn tí à ń ṣẹ́ ní ọrùn kí a tó ki ọta sí i, irú èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tí owó wọn kò pọ̀, ó ní ìwà kan tí ìbọn ńlá kò ní. Bí ẹ bá yìn ín, sípíríǹgì a ti písítìn síwájú, ìbọn a ta sẹ́yìn. Kí ojú tó ṣẹ́, písítìn ti dé òpin, ìbọn a tún ta síwájú. Awò tí wọ́n ṣe láti gba ìtasẹ́yìn nìkan kò mọ ohun tí yóò fi ìtasíwájú ṣe. Mo ti pàdánù ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan mo gbé e sójú, àmì àgbélébùú inú rẹ̀ ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òpó tí ìjì gbé. Ẹni tí ìbọn tirẹ̀ bá ń lo àgbá afẹ́fẹ́ tí a ti fẹ́ kún kò ní ìṣòro yìí rárá.

Ìdìmú tó ń di awò mọ́ ìbọn kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a fi owó tó kù rà. Àárín ojú ọ̀nà tóóró méjì tó wà lórí ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 11. Ìdìmú tí wọ́n ṣe fún irin fífẹ̀ ti ìbọn ńlá kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ ra èyí tí òrùka rẹ̀ méjèèjì so pọ̀ lórí ìpìlẹ̀ kan, tó sì ní ìṣó kékeré tó ń wọ inú ihò lórí ìbọn kí ó má bàa máa fà sẹ́yìn.

Bí a bá fẹ́ dè é, ọta kò gbọdọ̀ sí nínú ìbọn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé awò lé inú òrùka láìfún un. Ẹ dijú, ẹ gbé ìbọn sí èjìká bí ẹ ṣe máa ń gbé e, ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí rẹ̀, ẹ wá lajú. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ kún inú awò láti etí dé etí, ẹ rọra tì í síwájú tàbí kí ẹ fà á sẹ́yìn. Ó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bíi mìlímítà 75 sí 100 sí ojú. Orí ni kí awò wá bá, kí orí má lọ bá awò.

Lẹ́yìn náà, mo máa ń mú okùn kan tí mo so òkúta mọ́, bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe, mo a fi kọ́ ẹ̀ka igi. Mo a gbé ìbọn kalẹ̀ kí ó dúró ṣánṣán, mo a wá yí awò nínú òrùka títí ilà òòró àmì yóò fi bá okùn dọ́gba. Nígbà yẹn ni mo tó máa fún síkúrù. Èyí tó wà lápá ọ̀tún níwájú, díẹ̀. Èyí tó wà lápá òsì lẹ́yìn, díẹ̀. Mo a máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀, kí àyè tó wà láàárín ìdajì òrùka kan àti ìkejì lè dọ́gba. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìka méjì lórí kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn ti tó; ẹni tó bá fi gbogbo apá fún un yóò tẹ ara awò wọnú. Ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì fa ilà tín-ín-rín sẹ́yìn ìdìmú lórí ìbọn. Bí ilà náà bá yọ lọ́jọ́ iwájú, ìdìmú ti ń rìn nìyẹn.

Ó ku kí a mú ọta bá àmì mu. Kókó méjì ló wà lára awò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá yí wọn, wọ́n ń dún "kẹ́, kẹ́". Lórí ọ̀pọ̀ awò olówó pọ́ọ́kú, kẹ́ mẹ́rin ń sún ojú ọta ní nǹkan bí mìlímítà 3 ní mítà 10. Kẹ́ mẹ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ihò ọta oní-mìlímítà 4.5. Ní mítà 25, kẹ́ kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 2. Ọta márùn-ún ni kí ẹ ta sí ojú kan kí ẹ tó fọwọ́ kan kókó. Ọta kan kò lè jẹ́rìí. Ó lè jẹ́ èémí ló gbé e. Ẹ wo àárín ihò márààrún, ẹ wọn ún, ẹ ka kẹ́, ẹ yí i síbi tí ọfà ara kókó bá kọjú sí, ẹ tún ta márùn-ún. Ọta olórí pẹrẹsẹ ló ń gé pépà mọ́lẹ̀ dáadáa, òun ni kí ẹ lò. Nítorí pé awò wà lókè ẹnu ìbọn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ibi tí ẹ bá ti mú wọn bára mu, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ta. Bí ẹ bá súnmọ́ pépà tàbí tí ẹ jìnnà sí i, ọta yóò kúrò lójú àmì.

Ọyẹ́ tún ń bọ̀, eruku Abuja kò sì mọ ojúsàájú. Ẹ má fi etí aṣọ nu dígí tó ní eruku, iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò kí ẹ tó fi aṣọ rírọ̀ kàn án.

Àbúrò mi dá awò gígùn yẹn padà. Wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á. Ó ra 3-9x40 tó ní òrùka níwájú, ó ra ìdìmú gidi, owó sì ṣẹ́kù tó fi ra ọta. Ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí a ti mú ọta bá àmì mu, mo ní kí a bi awò náà ní ìbéèrè kan tí kò lè puró sí. Àmì kan ṣoṣo ni yóò máa fojú sùn, kò gbọdọ̀ yí i padà. Ó ta márùn-ún. Ó yí kókó ẹ̀gbẹ́ ní kẹ́ 40 sí ọ̀tún, ó ta márùn-ún. Kẹ́ 40 sísàlẹ̀, márùn-ún. Kẹ́ 40 sí òsì, márùn-ún. Igun mẹ́rin yọ lórí pépà, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ó wá yí kókó òkè padà ní kẹ́ 40 sókè. Awò tí irin inú rẹ̀ kò dára kì í mọ ọ̀nà ilé mọ́ níbẹ̀ yẹn. Ó mí sínú, ó mí síta, ó yìn ín ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láìyára.

A rìn lọ síbi pépà. Mẹ́rin wọ inú ihò àkọ́kọ́, ìkarùn-ún fi ìbú ọta kan yẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò bo gbogbo rẹ̀, ó bò wọ́n tán. Ó yọ pépà náà jẹ́jẹ́, ó ká a, ó fi í sí àpò àyà, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà mi.